Ife Bọ́tìnnì Leontine

Chicago
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kejì, 1991

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ sì kú ilé tó dá páro. Ara èmi àti àwọn ọmọ le, àfi òtútù tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Láti Sátidé ni yìnyín ti dí ẹnu ọ̀nà mi. Ṣọ́bìrì ni mo fi ń la ọ̀nà kí n tó lè dé ilé ìwòsàn. Ikọ́ yín ńkọ́? Ẹ má sọ pé kò sí ikọ́. Mo fi etí mi gbọ́ ọ ní Kérésì, nọ́ọ̀sì sì ni mí.

Pásítọ̀ Prosper kọ̀wé sí mi. Ó ní ilé iṣẹ́ oníke tó fẹ́ dúró sí oko Landreau ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìwé àṣẹ, pé ìparí Oṣù Kẹfà ni ìgbìmọ̀ máa jókòó lé e lórí. Òfin ní wọn kò gbọ́dọ̀ kọ́lé sórí itẹ́ òkú. Gbogbo Bellefleur ló mọ̀ pé inú oko ìrèké yẹn ni wọ́n sin àwọn babańlá wa tó ṣẹrú níbẹ̀ sí, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí ìjì ti wó àwọn igi tí wọ́n gbìn sórí wọn, kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí ojú ibẹ̀ mọ́. Bàbá, ọgbọ̀n ọdún lẹ fi wa katakata nínú oko yẹn. Bí ẹnì kan bá mọ ibẹ̀, ẹ̀yin ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn jáde sọ̀rọ̀. Ká ní Màmá wà láyé, wọn ò bá máa bá a lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ife funfun kékeré tí Màmá máa ń kó bọ́tìnnì sí, èyí tí etí rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ pẹ̀lú bọ́tìnnì inú rẹ̀. N kò tọrọ nǹkan mìíràn nínú ẹrù Màmá.

Yàrá yín ṣì wà níbí. Mo ti ra ibùsùn sí i.

Ọmọ yín,
Earline


Bellefleur, Louisiana
Ọjọ́ ogún, Oṣù Kejì, 1991

Earline,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ. Arábìnrin Odile ló ń bá mi kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. O mọ̀ ọ́n, ogójì ọdún ló fi kọ́ gbogbo yín níwèé, kí ó tó di akọ̀wé Ẹgbẹ́ Aláàánú wa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má bá mi fi ṣúgà sí i.

Mo ṣì ń húkọ́. Gbogbo ẹni tó wà ládùúgbò yìí ló ń húkọ́. Láti àárọ̀ ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ ti ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, ẹ̀wù funfun tí mo sá sórí okùn sì pọ́n bí ẹni pé mo rẹ ẹ́ sínú tíì. Ilé iṣẹ́ méje ló wà létí odò yìí, ẹnu ọ̀nà aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn sì kọjú sí. Leontine ìyá rẹ máa ń kà wọ́n nínú àdúrà ní orúkọ ní orúkọ, bí ẹni ń ka ẹ̀mí èṣù. Ó kà wọ́n títí jẹjẹrẹ fi mú un lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ó kàn mí láti jókòó ti Septime Roche, ẹsẹ̀ ti kọ̀ fún un. Láti ìgbà tó ti gba ẹlẹ́dẹ̀ mi lémi àtiẹ̀ kì í ti í sọ̀rọ̀, ọdún kọkànlá rèé. Mo lọ. Mo wẹ̀ ẹ́, mo sì se ẹ̀wà pupa àti ìrẹsì fún un. O mọ òfin ẹgbẹ́: ẹni tí orúkọ bá kàn ló ń lọ jókòó ti aláìsàn. Ẹgbẹ́ kì í béèrè bóyá ẹ̀ ń bá ara yín sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó sọ sí mi ni pé iyọ̀ ẹ̀wà náà kò tó.

N kò wá sí Chicago. Inú ilẹ̀ ibí ni ìyá rẹ wà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin náà wà. N kò lè fi wọ́n sílẹ̀ fún òórùn yìí.

Ọ̀rọ̀ oko yẹn, ó ti rẹ̀ mí. Àgbà ni mí. Kí ẹni tó lágbára jáde.

N kò fi ife yẹn ránṣẹ́. Kì í ṣe ife ìyá rẹ. Má béèrè rẹ̀ mọ́.

Bàbá rẹ,
Ovide Lacour


Chicago
Ọjọ́ kọkànlá, Oṣù Kẹta, 1991

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé. Mo ka lẹ́tà yín nígbà mẹ́ta, mo sì ń retí pé n óo bá ibi tó ti rọ̀ níbì kan. N kò rí i.

Ẹ ní ife náà kì í ṣe ti Màmá. Bàbá, lórí itan Màmá ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka nǹkan, bọ́tìnnì inú ife yẹn ni mo sì fi kọ́ ọ. Ta ló wá ni ín, bí kì í bá ṣe Màmá? Bí ẹ bá ti fún obìnrin mìíràn, ẹ sọ ọ́ fún mi kedere. Mi ò ní bínú púpọ̀.

Pásítọ̀ ní ìgbà mẹ́rin lòun ti wá sí ọ̀dọ̀ yín nítorí ìpàdé yẹn, pé ìgbà méjì lẹ jẹ́ kóun kanlẹ̀kùn títí òun fi lọ. Àwọn èèyàn kan ti ń sọ pé ẹ ti tẹ́wọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, pé ẹ ti fẹ́ ta ilé. N kò gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí n ò bá gbà á gbọ́, kí ni kí n wá gbàgbọ́?

Àgbà ni Màmá náà nígbà tó ń fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ láti ṣọ́ọ̀ṣì Òkè Síónì wa títí dé kóòtù, tó ń kọrin lọ lórí òkìtì etí odò. Òògùn jẹjẹrẹ wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Òun kò sọ pé kí ẹni tó lágbára jáde.

Ọmọ yín,
Earline


Bellefleur
Ọjọ́ kejì, Oṣù Karùn-ún, 1991

Earline,

Ó pẹ́ kí n tó dá ọ lóhùn nítorí inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Odile ní kí n kọ́kọ́ kí ọ. Mo kí ọ.

Kò sí obìnrin kankan. Ta ni yóò fẹ́ mi, èmi àti ikọ́ mi? N kò ta ilé. Bí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ọkùnrin, kó wá sọ ọ́ ní fàráǹdà mi. Má sì fi ìyá rẹ nà mí lójú mọ́. Èmi ni mo gbé e wọ inú ìwẹ̀, tí mo sì gbé e jáde, fún oṣù mẹ́jọ.

Wọ́n ti mọ ọgbà yí itẹ́ ìdílé Landreau ká, ọgbà onírin tí wọ́n kùn ní funfun. Òkú mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, ajá wọn ṣìkeje. Ajá náà ní òkúta, wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Odile ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ bóyá ajá náà gba ìrìbọmi. Nínú àwòrán ilẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà yà, ajá yẹn wà níbẹ̀. Tiwa kò sí.

Ọkùnrin kan láti ọ̀dọ̀ wọn wá bá mi nínú Oṣù Kẹrin. Ó wọ bàtà tó mọ́ jù fún ẹrẹ̀ wa. Ó ń ṣe mí ní “sà, sà”, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ì bá pè mí ní “bọ́ì”, bí ẹni ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó béèrè bóyá mo rí sàréè kankan rí nínú oko náà nígbà tí mo fi ń wa katakata. Mo ní iwájú ni awakọ̀ máa ń wò, n kò rí nǹkan kan. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, ó sì fi àpótí ẹ̀pà pẹ́kàn kan sílẹ̀. Mo da pẹ́kàn náà fún adìyẹ.

Mo fẹ́ kó lọ ni mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó rẹ̀ mí.

Bàbá rẹ,
Ovide Lacour

(Earline, èmi Odile ni. Bàbá rẹ kò mọ̀ pé mò ń fi èyí kún un. Kì í jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá dárúkọ oko yẹn, ńṣe ló máa ń dìde lọ síta. Ìwọ ni kó o bá a sọ ọ́.)


Chicago
Ọjọ́ kọkàndínlógún, Oṣù Karùn-ún, 1991

Bàbá mi,

Pásítọ̀ fi ìwé ìròyìn ránṣẹ́ sí mi. Ilé iṣẹ́ náà kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé awakọ̀ katakata tó pẹ́ jù lóko Landreau, ẹni tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ti jẹ́rìí pé òun kò rí sàréè kan níbẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yín ni wọ́n fẹ́ fi borí wa níwájú ìgbìmọ̀. Ẹ̀yin lẹ fi lé wọn lọ́wọ́.

Àbí òótọ́ ni pé ẹ kò rí nǹkan kan? Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, n óo gba kámú. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Mo bẹ̀ yín. N kò ní béèrè mọ́ lẹ́yìn èyí, n kò sì ní béèrè ife.

Earline


Bellefleur
Ọjọ́ kẹsàn-án, Oṣù Kẹfà, 1991

Earline ọmọ mi,

Mo kí ọ dáadáa lónìí. Odile ti jókòó sídìí tábìlì ìyá rẹ. Mo ní kó má gbé kálàmù sókè títí n óo fi parí, ohun yòówù tó bá gbọ́. Ó ní ṣé mo fẹ́ fẹ́yàwó ni.

Mo ti rò ó pé kí n lọ bá ẹlòmíràn kọ lẹ́tà yìí, ìyàwó Pásítọ̀ tàbí àlejò kan nílùú. Ṣùgbọ́n bí mo bá sá fún Odile, irọ́ kan náà ni mo ṣì ń pa.

O rántí ìjì líle ọdún 1965. Ó ká òrùlé wa lọ, gbogbo wa sì sùn sínú ilé Ọlọ́run fún ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ Ajé, Dugas tó jẹ́ alábòójútó oko wá pè mí síta. Ìjì ti wó igi pẹ́kàn ńlá tó wà láàárín ibi tí àwọn àgbà máa ń ní ká wa katakata yí ká. Ọdún kọkàndínlógún tí mo ti ń yí i ká nìyẹn. Bí mo bá dé ibẹ̀, mo máa ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, mo sì máa ń ṣí fìlà. Igi méjìlá ló kù lórí ìdúró. Dugas ní, “Ovide, ìjì ti bá wa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Bá mi parí ẹ̀ kí wọ́n tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Mo lọ.

Mo lè sọ fún ọ pé ilé tí à ń gbé, ti Landreau ni, pé wọn ì bá lé wa jáde kí oòrùn tó wọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n n kò tilẹ̀ jiyàn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nìyẹn. Bóyá bí mo bá jiyàn, ì bá rán ẹlòmíràn. Bóyá ì bá fi í sílẹ̀. N kò mọ̀, nítorí n kò jiyàn.

Mo tú gbogbo wọn. Irin ìtúlẹ̀ ń hú ìkarahun funfun jáde, àti àwo àti ìgò, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn wa fi sórí òkú wọn nítorí wọn kò lówó òkúta. Wọ́n tàn yanranyanran nínú ilẹ̀ dúdú yẹn bí eyín. Nígbà tí ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo yín ní ìjì ló wó wọn. Ìyá rẹ sunkún nítorí ìyá ìyá rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Mo dì í mú. Mo ní Ọlọ́run ló mọ ìdí tó fi rán ìjì. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un, Earline.

Nígbà tó ń kú lọ, ó ní kí n bá òun jáde lọ sọ ibi tí àwọn igi náà wà. Mo ní mo gbọ́.

Igi tó gbẹ̀yìn kéré. Ọ̀pọ̀tọ́ ni, kò ga jù mí lọ. Kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó gbìn ín. Ọdún kan ni odò kún tó gba itẹ́ òkú ìjọ. Ìyá Odile bí Odile àti èkejì rẹ̀ ní ìbejì lọ́dún náà, èkejì sì kú. Kò sí ilẹ̀ gbígbẹ mìíràn ju àárín oko yẹn. Ibẹ̀ ló sin ọmọ náà sí, ó gbin ọ̀pọ̀tọ́ sí i, ó sì fi ife ọmọ náà sí ìdí rẹ̀. Odette ni orúkọ ọmọ náà.

Odile, máa kọ ọ́.

Mo fi ẹ̀wọ̀n so ọ̀pọ̀tọ́ náà mọ́ ẹ̀yìn katakata, mo


Chicago
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 1991

Bàbá mi,

Lẹ́tà yín dé. Ó dá dúró láàárín ọ̀rọ̀, kò sí ó dàbọ̀, kò sí orúkọ. Ọwọ́ Arábìnrin Odile ló kọ àdírẹ́sì ara àpò ìwé, òun ló sì ní láti fi í ránṣẹ́. Ṣé ó wà ní àlàáfíà? Ta ló wà lọ́dọ̀ yín?

N kò tíì mọ ohun tí n óo sọ fún yín. Ó ń dùn mí fún Màmá. Ó tún ń dùn mí fún yín, bẹ́ẹ̀ n kò fẹ́ kó dùn mí. Ṣùgbọ́n ìpàdé ku ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ lọ, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Earline


Bellefleur
Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kẹsàn-án, 1991

Earline,

Mo kí ọ. Ìyàwó Pásítọ̀ ló ń kọ ọ́. Kálàmù rẹ̀ yára ju tOdile lọ, ṣùgbọ́n kì í dá mi lẹ́kun bí mo bá sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Má bínú pé ó pẹ́. Òtútù àyà dá mi dùbúlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yẹn, Odile gbé kálàmù sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó dé fìlà rẹ̀. Ó ká ìwé náà, ó mú un dání, ó sì lọ. N kò mọ̀ pé ó fi í ránṣẹ́, àfìgbà tí lẹ́tà rẹ dé. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì kò sẹ́ni tó yà sọ́dọ̀ mi, Septime Roche pàápàá, tí kì í bá mi sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, tún ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í má bá mi sọ̀rọ̀ lákọ̀tun.

Mo lọ sí ìpàdé. Ọkùnrin oníbàtà yẹn dìde, ó ka ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un. Lẹ́yìn náà èmi dìde. Mo ní irọ́ ni mo pa fún un. Mo sọ ohun tí mo ṣe. Mo sọ ibẹ̀: kí wọ́n ka ogójì ìlà ìrèké láti ilé ẹ̀rọ omi sí ìhà odò, kí wọ́n wá yà sọ́wọ́ òsì. Mo ti da bọ́tìnnì inú ife sínú ọpọ́n. Mo gbé ife náà ka orí tábìlì wọn, mo sì sọ ọmọ tó ni ín. Nínú ìgbìmọ̀, ẹnì kan béèrè ìdí táwọn á fi gba èyí gbọ́, nígbà tí mo ti sọ nǹkan mìíràn ní Oṣù Kẹrin. Mo ní, “Irọ́ Oṣù Kẹrin ló rọ̀ mí lọ́rùn. Èyí kò rọ̀ mí lọ́rùn.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Orí ìjókòó kẹta ni Odile wà, ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò. Nígbà tí ìpàdé tú, mo yíjú sí tábìlì, ife kò sí níbẹ̀ mọ́. N kò béèrè ẹni tó mú un.

Àwọn ará yunifásítì wá gbẹ́ ilẹ̀ níbi tí mo wí. Wọ́n rí wọn. Wọ́n ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n, wọ́n sì dúró. Ìgbìmọ̀ kò fún ilé iṣẹ́ náà ní ìwé àṣẹ. Inú Pásítọ̀ dùn, ó wàásù fún wákàtí méjì. Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé wọ́n ti ń wo ilẹ̀ ní abúlé kan lókè odò, àwọn ará ibẹ̀ náà sì dúdú bíi tiwa. Pásítọ̀ ní a óo rìn dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹsẹ̀ ti ń ro mí kí a tó bẹ̀rẹ̀. Òórùn ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kò lọ síbì kan.

Nígbà tí òtútù àyà mú mi, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rán èèyàn gẹ́gẹ́ bí orúkọ ṣe tò. Mo ń ka àwọn orúkọ náà lórí ibùsùn. Ní ọjọ́ kẹrin ó kan Odile. Mo ní kò ní wá.

Ó wá. Ó yí àga kọjú sí fèrèsé. Ó fi ṣíbí fún mi lómi ìrẹsì, ó nu ẹnu mi, ó sì padà sórí àga. Ọjọ́ kìíní kò sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì kò sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ó bi mí láìwẹ̀yìn, ó ní, “Ṣé irin yẹn kan Odette?”

Mo ní n kò mọ̀.

Ó wá ní, “Ó dáa. Ká ní o sọ pé kò kàn án ni, mi ò bá ti máa lọ.”

Bàbá rẹ,
Ovide Lacour


Bellefleur
Ọjọ́ kẹta, Oṣù Kọkànlá, 1991

Earline ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí àwọn ọmọ, mo kí yìnyín yín náà. Wo ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dáadáa. Ó wọlé láàárọ̀ yìí láìkanlẹ̀kùn, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ní, “Kí ni kí n kọ?”

Ìjẹta ni a kun sàréè ní ẹfun fún Ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́. A kun ti ìyá rẹ, a kun ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ìjọ rìn wọ inú oko Landreau fún ìgbà àkọ́kọ́. Òkúta kò sí níbẹ̀, ni a bá kan igi mọ́lẹ̀, a sì kùn wọ́n ní funfun. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èmi ni wọ́n ní kí n ru korobá ẹfun. Kò sẹ́ni tó gbà á lọ́wọ́ mi, n kò sì fẹ́ kí wọ́n gbà á.

Odile gé ẹ̀ka ọ̀pọ̀tọ́ kan wá láti ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ní ọmọ igi tí ìyá òun gbìn ni. Ó tọ́ka sí ibì kan pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí n gbẹ́ ihò. Mo gbẹ́ ẹ. Ó yọ ife náà látinú àpò rẹ̀, ó sì fi í sí ìdí igi fúnra rẹ̀.

Mo ti rán bọ́tìnnì ìyá rẹ sínú gèlè rẹ̀ aláwọ̀ búlúù, wọ́n ń bọ̀ nínú àpótí kékeré. Wọ́n jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó lé mẹ́rin. Ìwọ náà kà wọ́n.

Inú Oṣù Kẹwàá ni mo bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀ ní itẹ́ òkú. N kò ní sọ ohun tí mo wí fún un. Nípa ti Chicago, jẹ́ kí òtútù yín dín kù kí n tó rò ó.

Odile ní lẹ́tà Oṣù Kẹfà kò parí, pé òun kò fi gbólóhùn sílẹ̀ lábọ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti di tíṣà. Ó ní kí n sọ ọ́ tán, òun á kọ ọ́ tán. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní, “Ovide, sọ ọ́.”

Mo fi ẹ̀wọ̀n so ọ̀pọ̀tọ́ náà mọ́ ẹ̀yìn katakata, mo sì fà á tu. Gbòǹgbò rẹ̀ gbé ife náà jáde. Mo fi ẹ̀wù mi nù ún, mo mú un lọ fún ìyá rẹ, mo ní mo rí i he lójú ọ̀nà.

Ó ti kọ ọ́ tán. Ó ti kà á sí mi létí. Ó ní kí n fọwọ́ sí i.

X